Ṣé O Mọ̀? Wọ́n Yọ Orúkọ, Ojú Ò Pamọ́

Ṣé o mọ̀ pé ogún dọ́là péré ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ná kó tó rí ìwé ìtọ́jú gómìnà fà yọ láàárín ìwé ìtọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn? Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àjọ tó ń mójú tó ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wọn fún àwọn olùwádìí. Wọ́n yọ orúkọ, wọ́n yọ àdírẹ́sì, Gómìnà William Weld sì fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu. Lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Latanya Sweeney, tó ń kàwé ní MIT nígbà náà, mọ̀ pé ìlú Cambridge ni gómìnà ń gbé. Ó ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú náà, tí orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì wà nínú rẹ̀, ó sì gbé ìwé méjèèjì síra. Èèyàn mẹ́fà ló ní irú ọjọ́ ìbí gómìnà. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Nínú àwọn mẹ́ta ọ̀hún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé àdúgbò tó ni nọ́ńbà yẹn. Sweeney di àkọsílẹ̀ àìsàn gómìnà àti oògùn tí dókítà kọ fún un, ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ohun mẹ́ta yẹn nìkan tó láti dá èèyàn 87 mọ̀ yàtọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà. Philippe Golle tún un ṣírò ní 2006 pẹ̀lú ìkànìyàn ọdún 2000, tirẹ̀ já sí 63. Kí kálukú mú èyí tó wù ú. Èmi ò rí ìtùnú kankan nínú 63.

Ṣé o mọ̀ pé oore ni AOL lóun ń ṣe, tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà gbé ohun tí àwọn oníbàárà bíi 650,000 wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́ta síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn olùwádìí lè rí nǹkan ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó tó ogún mílíọ̀nù ìbéèrè. Nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ìbéèrè ẹnì kan, ibẹ̀ sì ni gbẹgẹdẹ ti gbiná. Èèyàn a máa wá orúkọ ara rẹ̀. A máa wá ẹni tó lè bá a tún ọgbà ṣe ládùúgbò rẹ̀. A máa wá àwọn ẹbí tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn oníròyìn New York Times méjì to ìbéèrè tó wà lábẹ́ nọ́ńbà kan pọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Wọ́n ka ìbéèrè náà fún un, ó ní òun ló ni wọ́n. Ó ti wádìí ìka ọwọ́ tó ń kú, ó ti wádìí ajá tó ń tọ̀ sí gbogbo nǹkan lára.

Ibi tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni pé púpọ̀ nínú àìsàn tó wà nínú ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá wádìí. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn láì bi í léèrè yóò ti sọ ọ́ di olókùnrùn, bóyá yóò tilẹ̀ ti fi owó lé owó ìbánigbófò rẹ̀. AOL sáré yọ gbogbo rẹ̀ kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́: àwọn èèyàn ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ káàkiri ayé.

Ṣé o mọ̀ pé fíìmù tí o wò lè tú ọ fó? Ọdún 2006 yẹn kan náà ni Netflix ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá lè mọ fíìmù tí oníbàárà máa fẹ́ràn ju bí ẹ̀rọ tiwọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n gbé máàkì tí àwọn oníbàárà bíi 480,000 fún fíìmù síta, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù máàkì, kò sórúkọ kankan níbẹ̀. Arvind Narayanan àti Vitaly Shmatikov ní Yunifásítì Texas fi ohun tí àwọn èèyàn kọ ní gbangba lórí IMDb, ojúlé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fíìmù, wé e. Wọ́n ní bí o bá mọ fíìmù mẹ́jọ péré tí ẹnì kan fún ní máàkì, tí o sì mọ ọjọ́ rẹ̀ láìṣe pàtó, kódà kí méjì nínú mẹ́jọ ọ̀hún má tọ̀nà, o lè yọ 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀sìn ẹni, òṣèlú ẹni, ohun tí ẹnì kan ò fẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ mọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fíìmù. Wọ́n san owó ẹ̀bùn náà ní 2009, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di 2010 wọ́n ti fagi lé ìdíje kejì tí wọ́n ń gbèrò, nítorí ẹjọ́ àti nítorí àjọ ìjọba tó ń bi wọ́n léèrè.

Ṣé o mọ̀ pé táksí New York náà ti ròyìn rí? Ọdún 2014 ni àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò 173 mílíọ̀nù bọ́ síta. Wọ́n yí nọ́ńbà ọkọ̀ padà sí ohun tí ojú ò lè kà, ẹnì kan sì tú u láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹlòmíràn mú fọ́tò tí wọ́n ya àwọn òṣèré nígbà tí wọ́n ń wọ táksí, tí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn nínú rẹ̀, ó sì mọ ibi tí wọ́n sọ̀ sí àti iye tí wọ́n san.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà mẹ́rin péré tí fóònù rẹ bá kan òpó nẹ́tíwọọ̀kì tó láti fi dá ọ mọ̀? Yves-Alexandre de Montjoye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìrìn èèyàn mílíọ̀nù kan àbọ̀ wò fún oṣù 15 ní orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù. Ibi mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin, ó ti yọ èèyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀. Ní 2013 ni wọ́n gbé e jáde. Rò ó wò fúnra rẹ: ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé ìyá rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Èèyàn mélòó láyé yìí ló ń rin ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn bí ìwọ ṣe ń rìn ín?

Ẹni tó bá kà débí lè ní kí wọ́n kúkú ti ìlẹ̀kùn pa, kí ilé-iṣẹ́ má fún olùwádìí kankan ní nǹkan kan mọ́. Kó dúró ná.

Ṣé o mọ̀ pé àkọsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ fóònù fi ń yọ owó lórí síìmù ti sọ ibi tí àwọn tó sá fún ìmìtìtì ilẹ̀ wà rí? Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, olú ìlú wọn wó lulẹ̀, àwọn èèyàn sì fọ́n káàkiri. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó lọ síbì kan. Olùwádìí Linus Bengtsson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ilé-iṣẹ́ fóònù Digicel lọ, wọ́n wo síìmù 1.9 mílíọ̀nù. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, wọn ò rí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Òpó tí síìmù kan lánàá àti òpó tó kàn lónìí ni wọ́n kà. Wọ́n ṣírò pé èèyàn bíi 630,000 tó wà ní Port-au-Prince lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì ti kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 19, wọ́n sì lè tọ́ka àgbègbè tí wọ́n gbà lọ. Nígbà tí àìsàn onígbá méjì bẹ́ sílẹ̀ nínú ọdún yẹn kan náà, kò tó ọjọ́ kan tí wọ́n fi rí i sọ fún àwọn aláàánú ibi tí àwọn tó ń sá kúrò lágbègbè àìsàn ń lọ. Ká ní Digicel ti ìlẹ̀kùn nítorí àṣírí oníbàárà, ta ni ìbá jàǹfààní?

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ò gbẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ fóònù Orange gbé àkọsílẹ̀ ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ bílíọ̀nù méjì àbọ̀ láti Côte d'Ivoire fún àwọn olùwádìí, ti àwọn oníbàárà mílíọ̀nù márùn-ún. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i wù mí. Àwọn 50,000 ni wọ́n fi ìrìn wọn hàn lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, wọ́n á mú àwọn 50,000 mìíràn, wọ́n á sì fún wọn ní nọ́ńbà tuntun, kí ẹnikẹ́ni má lè tọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ìyẹn ò dí gbogbo ihò; ibi mẹ́rin ti de Montjoye ṣì lè rí nǹkan ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé ohun tí olè lè rí kó kù. Nínú àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ IBM ti rí bí wọ́n ṣe lè tún ọ̀nà bọ́ọ̀sì Abidjan tò kí ìrìn-àjò àwọn èrò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yá sí i.

Togo ńkọ́? Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ìjọba wọn fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tálákà lórí fóònù nínú ètò Novissi, ṣùgbọ́n kò síwèé kan tó sọ ẹni tó tálákà jù ní àwọn abúlé. Joshua Blumenstock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi àwòrán sátẹ́láìtì àti ohun mìíràn yan àdúgbò 100 tó kúṣẹ̀ẹ́ jù nínú 397. Wọ́n wá bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn léèrè lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń jẹ tí wọ́n ń mu, wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu wọn, wọ́n sì wo bí fóònù olówó díẹ̀ ṣe ń pe èèyàn yàtọ̀ sí ti aláìní. Ẹ̀rọ kọ́ ọ, ó sì fi wá àwọn tálákà tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan. Ó dára ju kí wọ́n kàn pín owó fún gbogbo àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní síìmù rárá, ta ló máa rí i? Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé olùkọ́ yunifásítì ló kó ọ̀ràn Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olóṣèlú, wọlé? Àwọn tó gbà láti dáhùn ìbéèrè inú áàpù olùkọ́ náà, Aleksandr Kogan, lórí Facebook ò ju 270,000 lọ. Ohun tí Facebook gbà láyè nígbà náà ni pé bí o bá gbà, áàpù á kó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pẹ̀lú. Bó ṣe di èèyàn tó tó 87 mílíọ̀nù nìyẹn, tí ohun tí wọ́n ní ìwádìí ni fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ òṣèlú. Owó ìtanràn Facebook ní 2019 jẹ́ bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé kí a ṣọ́ra fún olùwádìí, ọ̀rọ̀ Kogan ni wọ́n máa ń fà yọ, òótọ́ sì ni.

Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣèwádìí lára wa láì bi wá? Ní oṣù kìíní ọdún 2012, fún ọ̀sẹ̀ kan, Facebook dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù nínú ohun tí èèyàn 689,003 ń kà, láti wò ó bóyá ìṣesí wọn á yí padà. Kò sẹ́ni tí wọ́n sọ fún nínú wọn. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀, ariwo sì sọ.

Èyí ló jẹ́ kí n máa fura sí ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi àṣírí wa bojú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Facebook ti àkáǹtì Laura Edelson àti Damon McCoy ní Yunifásítì New York pa. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní kí àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà wọn, tí yóò máa kó ìpolówó òṣèlú tí Facebook fi hàn wọ́n fún àwọn olùwádìí. Facebook ní àdéhùn àṣírí tí òun bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ni kò jẹ́ kí òun gbà á. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àjọ FTC, tó bá wọn ṣe àdéhùn ọ̀hún, kọ lẹ́tà jáde: àdéhùn náà ò dí ìwádìí òtítọ́ lọ́wọ́. Lẹ́nu kan, ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fi bojú ló ní òun ò sí níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè gba òótọ́ lẹ́nu ogunlọ́gọ̀ láìmọ òótọ́ ẹnì kan ṣoṣo? Ọdún 1965 ni Stanley Warner gbé ọgbọ́n ọ̀hún dé. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é lónìí nìyí. Ká ní olùwádìí fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó ti gba rìbá rí. Ta ló máa jẹ́wọ́? Ó ní kí olúkúlùkù wọnú yàrá lọ, kó ju kọ́ìnì sókè níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Bó bá já sí orí, kó sọ òótọ́. Bó bá já sí ẹ̀yìn, kó tún un jù: orí, kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn, kó dáhùn rárá, ohun yòówù kó ti ṣe láyé rẹ̀. Ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lè ti gba rìbá, ó sì lè jẹ́ pé kọ́ìnì ló ní kó wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Síbẹ̀ ìṣirò rẹ̀ ń bọ́ sí i. Ká ní èèyàn 1,000 dáhùn, tí 350 sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́ìnì nìkan ló fa nǹkan bíi 250 nínú wọn. Ó ku 100, láti ara nǹkan bíi 500 tó sọ òótọ́. Ẹnì kan nínú márùn-ún ti gba rìbá nìyẹn, ọ̀gá kò sì lè lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ní 2006 ni Cynthia Dwork àti àwọn mẹ́ta mìíràn sọ irú èrò yìí di ìmọ̀ ìṣirò tó dúró gbọn-in, tó lè sọ iye àṣírí tó ń jò pàtó. Amẹ́ríkà lò ó fún ìkànìyàn ọdún 2020. Google náà lò ó fún ìròyìn ìrìn àwọn èèyàn nígbà kòrónà, Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè tó kàn.

Facebook náà lò ó nígbà tó gbé àkọsílẹ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù 38 tí àwọn èèyàn pín fún àwọn olùwádìí ní 2020. Gbogbo ayé mọ iye ìdàrúdàpọ̀, bíi ti kọ́ìnì yẹn, tí wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣírò rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ní 2021, Fabio Giglietto ní Yunifásítì Urbino ní Ítálì fi àkọsílẹ̀ yìí wé ìròyìn mìíràn tí Facebook fúnra rẹ̀ gbé jáde. Nọ́ńbà ò bára mu. Ilé-iṣẹ́ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni: nǹkan bí ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lo Facebook ò sí nínú ohun tí wọ́n kó fún àwọn olùwádìí. Àwọn tí wọn ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń tẹ̀ sí ló bọ́. Àwọn èèyàn ti lo nǹkan yìí fún ìwádìí fún ọdún kan àbọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ò dúró de ìlẹ̀kùn rárá? Ní 2018 Joy Buolamwini àti Timnit Gebru fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó ń wo ojú èèyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ń rí aláwọ̀ dúdú bó ṣe yẹ. Wọn ò tọrọ dátà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, wọn ò sì gba fọ́tò mẹ̀kúnnù. Fọ́tò aṣòfin 1,270 ni wọ́n lò, láti Rwanda, Senegal, South Africa àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní Yúróòpù. Aṣòfin ló gbé ojú ara rẹ̀ fún ará ìlú. Ẹ̀rọ kan ṣi obìnrin dúdú mú nígbà 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àṣìṣe lórí ọkùnrin funfun ò ju 0.8 lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Inioluwa Deborah Raji, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, bá Buolamwini tún àwọn ilé-iṣẹ́ náà wò. Àwọn tí wọ́n dárúkọ lákọ̀ọ́kọ́ ti tún tiwọn ṣe. Amazon, tí wọn ò tíì yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, ń ṣi obìnrin dúdú mú nígbà 31.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé ní Yúróòpù, ó ti di ọ̀ranyàn kí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣílẹ̀kùn? Ẹsẹ 40 nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Digital Services Act sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní oníbàárà mílíọ̀nù 45 ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùwádìí tí ìjọba ti yẹ̀ wò rí dátà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ń yan olùwádìí. Ìjọba ló ń yàn án, ó sì pọn dandan kí olùwádìí fi bó ṣe máa pa àṣírí mọ́ hàn kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọgbọ́n wà: ẹni tí wọ́n fẹ́ wò ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń yan ẹni tó máa wò ó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, wọ́n bu owó ìtanràn 120 mílíọ̀nù yúrò lé X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, lórí, àìṣílẹ̀kùn fún olùwádìí sì wà lára ẹ̀sùn mẹ́ta tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn nínú fífi ìyà jẹ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní 2024 FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook, lórí, nítorí bó ṣe ń lo dátà àwọn ará Nàìjíríà lọ́nà tí kì í gbà lo ti àwọn èèyàn ibòmíràn. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ti àjọ FCCPC lẹ́yìn ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní ti ìwádìí, tiwa ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ewu tó bá kan Yúróòpù nìkan ni Ẹsẹ 40 kà. Ẹni tó bá jókòó sí Yunifásítì Ìbàdàn, tó fẹ́ mọ bí irọ́ nípa ìdìbò ṣe ń tàn ní èdè Yorùbá lórí Facebook, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, CrowdTangle wà, irinṣẹ́ Meta tó ń fi ohun tó ń tàn lórí Facebook hàn, tí oníròyìn náà lè lò. Meta tì í pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ohun tó kù ni kí olùwádìí kọ̀wé béèrè àyè nínú Meta Content Library, wọ́n á sì yẹ ìwé rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gbà á, inú yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n tì pa ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ó lè kà, ó lè ṣírò, àmọ́ kò lè kó ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jáde bó ṣe wù ú. Ìyẹn dára. Ohun tí wọ́n máa kó sínú yàrá náà, Meta ṣì ni ń yàn án.